Tàkúté Tó Gun Òkè

Mo ti ní ọmọ ọmọ báyìí, síbẹ̀ bí mo bá ń kọjá lẹ́bàá oko, tí mo sì rí ṣùkù àgbàdo tí wọ́n so rọ̀ mọ́ igi, àyà mi ṣì máa ń já. Ẹlòmíràn á rí i, á ní ààlè ni, pé olóko ń kìlọ̀ fún olè, á sì bá tirẹ̀ lọ. Èmi á kọ́kọ́ wo àtàǹpàkò ọwọ́ òsì mi ná. Àpá ibẹ̀ ò tóbi ju ẹyọ ọkà kan lọ, ṣùgbọ́n mo mọ bí mo ṣe gbà á.

Ṣakí ni mo wà nígbà náà, lọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi. Nọ́ọ̀sì ni ìyá mi, ìjọba sì ti gbé wọn lọ sí Àgọ́-Àmọ́dù. Wọn ò fẹ́ kí n máa ti ilé ìwé kan bọ́ sí òmíràn, ni wọ́n bá fi mí ti Ìyá Àgbà. Àgbẹ̀ ni Ìyá Àgbà. Mi ò sọ pé wọ́n ń bá ọkọ lọ sóko o. Ọkọ wọn ti kú tipẹ́, oko tiwọn ni. Ọkà bàbà ni wọ́n mọ̀ ọ́n gbìn jù, àwọn ọkùnrin tó lóko lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn sì máa ń dúró kí wọn kí wọ́n tó kọjá.

Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba lọ́wọ́ sójà ni, ìwé ti di ọ̀fẹ́, kíláàsì sì kún fọ́fọ́. Fọ́ọ̀mù Mẹ́ta ni mo wà. Tíṣà físíìsì wa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò tíì pẹ́ nílùú, gbé pákó gbọọrọ kan wá, ó fi orí rẹ̀ lé búlọ́ọ̀kù mẹ́ta lára ògiri, pákó náà sì dagun bí ọ̀nà òkè. Ó ní kí kálukú wa lọ ṣe ọkọ̀ kékeré kan tí yóò gun pákó yẹn dé òkè. Kò gbọ́dọ̀ ní bátìrì, a ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ tì í. Tàkúté eku nìkan ni yóò máa wà á. Ẹni tí tirẹ̀ bá gun òkè á bá òun lọ sí kíláàsì sáyẹ́ǹsì lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ ò bá gùn ún, kó má wulẹ̀ wá. Àwa ọmọbìnrin méjì péré la wà níbẹ̀. Ó wò wá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn bí mi nínú títí mo fi délé.

Ọgbọ́n rẹ̀ ò le. Gbogbo wa la mọ tàkúté onípákó tí wọ́n ń tà lọ́jà, tó ní sípíríǹgì àti irin tó ń gbá eku mọ́lẹ̀. Èèyàn á so òwú mọ́ irin yẹn, á wé ìdí òwú mọ́ ọ̀pá tí táyà ẹ̀yìn fi ń yí. Bí irin bá ti fẹ́ padà síbi tó ti wá, á fa òwú, òwú á yí ọ̀pá, ọkọ̀ á lọ. Mo fi ìdérí agolo mílíìkì ṣe táyà, mo fi sípóòkù kẹ̀kẹ́ ṣe ọ̀pá. Òwú dúdú tí Ìyá Àgbà fi ń dì mí nírun ni mo fi so ó. Mo tún fi irin agbòjò tó ti bàjẹ́ mú apá tàkúté gùn sí i, nítorí mo rò pé bí irin bá ṣe gùn tó ni agbára á ṣe pọ̀ tó. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sáré bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Mo gbé e sórí pákó tí mo gbé ti odó. Ó gùn ún díẹ̀, ó dúró bí ẹni tó gbàgbé ohun kan sílé, ó sì padà sẹ́yìn. Mo gbìyànjú rẹ̀ títí ọrùn fi ń ro mí. Ibẹ̀ náà ló ń padà.

Mo ní sípíríǹgì ni kò lágbára. Ibẹ̀ ni èṣù ti bá mi sọ̀rọ̀.

Ìyá Àgbà ní tàkúté kan. Bàbá àgbà ló mú un bọ̀ láti Gánà nígbà tí wọ́n lé àwọn èèyàn wa wálé. Pákó rẹ̀ ti dúdú, sípíríǹgì rẹ̀ sì nípọn bí ìka ọmọdé. Mo ti rí i tó gé òkété gìdìgbà kan lọ́rùn. Kì í kúrò níbì kan: inú àká lẹ́yìn ilé ìdáná, lórí irúgbìn ọkà bàbà. Irúgbìn yẹn, ọwọ́ ìyá Ìyá Àgbà ló ti wá, ọwọ́ ìyá tiwọn náà ni wọ́n sì ti gbà á. Lọ́dọọdún wọ́n á ṣa ṣiri ọkà tó dára jù, wọ́n á dì í ní ìdìdì, wọ́n á kó o sínú àká, ó di ìgbà òjò. Wọn ò tà á rí. Àwọn èèyàn á gbé igbá òfìfo wá tọrọ, wọ́n á bù fún wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo gbọ́ tí Ìyá Àgbà fi ń yangàn náà nìyẹn, pé láti ọjọ́ tí àwọn ti ń dáko, àwọn ò gbé igbá òfìfo dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni rí.

Nítorí pé àgbàlá àjọni ni ẹ̀yìn ilé wa, wọ́n fi ààlè sí àká náà. Wọ́n ri igi kan mọ́ ẹnu rẹ̀, wọ́n so ṣùkù àgbàdo gbígbẹ, ẹyọ ìgbálẹ̀ mélòó kan àti àkísà pupa rọ̀ mọ́ ọn. Kò sí ọmọ inú agbo ilé tí kò mọ ohun tó ń wí. Bí ṣùkù yìí ṣe ṣófo ni ayé olè á ṣe ṣófo. Bí ìgbálẹ̀ ṣe ń gbálẹ̀ ni wọ́n á gbá a dànù. Àkísà pupa, ẹ̀jẹ̀ ni. Wọ́n ń sọ fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ò lágbára lórí ọmọ Ọlọ́run, mo sì máa ń ṣe àmín pẹ̀lú àwọn yòókù. Àmín yẹn ò tẹ̀ lé mi dé ẹ̀yìn ilé ìdáná rí.

Mo kọ́kọ́ tọrọ tàkúté náà o, ẹ má pè mí ní olè lásán. Mo dọ́gbọ́n bi wọ́n lọ́jọ́ kan tí a ń pa ẹ̀gúsí, bóyá ó ṣe é yá fún ọjọ́ mélòó kan. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní òjò ti ń ṣú, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi gbin ọkà, tàkúté ò gbọ́dọ̀ kúrò lórí irúgbìn ṣáájú ìgbà náà. Mi ò lè bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì.

Lọ́jọ́bọ̀, Ìyá Àgbà lọ kí ẹni tó bímọ. Oòrùn ń mú, gbogbo àgbàlá dákẹ́, àwọn ewúrẹ́ sùn sábẹ́ ògiri. Mo rìn yí àká po lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní ọmọ àlè ní í rí ààlè tí kì í bẹ̀rù. Ó dáa, ọmọ ọkọ ni èmi, nítorí ẹ̀rù bà mí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀ sára. Mo di ojú mi, bí ẹni pé ààlè ò ní rí mi bí èmi ò bá rí i, mo ṣí ìdérí, mo na ọwọ́ sínú àká, mo gbé tàkúté Gánà jáde. Mo gbé tàkúté ọjà mi sí ipò rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ojú Ìyá Àgbà ti ń ṣe bàìbàì, wọn ò ní mọ̀, àti pé tàkúté kúkú ni tàkúté. Bí mo ṣe ń padà, àkísà pupa yẹn fi ara kan etí mi. Mo sáré wọ yàrá.

Ní ìdájí ọjọ́ Jímọ̀, Ìyá Àgbà di ẹrù. Wọ́n ń lọ sùn ní ahéré oko fún ọjọ́ mẹ́rin, kí wọ́n lè túlẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Wọ́n jí mi. Wọ́n wò mí pẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Máa bá mi yẹ àká wò. Ìwọ ni ojú mi nílé." Mo ní ẹ má ṣèyọnu, mà. Mo padà sùn.

Nígbà tí mo ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo lọ sí ẹ̀yìn ilé láti lọ bu omi. Mo gbójú sókè. Igi ẹnu àká dúró lásán. Ṣùkù ò sí, ìgbálẹ̀ ò sí, àkísà ò sí.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ tó máa yé yín. Lágbo ilé wa, àwọn ọmọdé máa ń sọ pé ààlè tó bá ti mọ olè kì í dúró síbi tí wọ́n so ó sí mọ́, pé ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá ẹni náà kiri ni. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yẹn dẹ́rù ba àwọn ọmọ kékeré rí, tí mo ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó padà sọ́dọ̀ mi. Kò sí ẹnì kan nínú ilé yẹn tó jẹ́ fọwọ́ kan ààlè Ìyá Àgbà. Tí ènìyàn ò bá tú u, ta ló tú u? Mo fi korobá omi sílẹ̀ níbẹ̀. Láti ìgbà náà, mi ò gba ẹ̀yìn ilé ìdáná mọ́. Bí mo bá fẹ́ dáná, iwájú ilé ni mo gbé ààrò sí, mo sì ń parọ́ fún ẹni tó bá béèrè pé èéfín inú ilé ìdáná ń ta mí lójú. Yíyẹ àká wò tí wọ́n rán mi ń kọ́? Mo rò ó lẹ́ẹ̀kan, mo sì gbé e tì.

Síbẹ̀ mo ń bá ọkọ̀ lọ, nítorí bí mo bá ti jalè tán tí ọkọ̀ ò tún wá gun òkè, a jẹ́ pé òfo méjì ni. Lọ́jọ́ Sátidé, mo kan tàkúté Gánà mọ́ pákó ọkọ̀ mi, mo so irin agbòjò mọ́ apá rẹ̀. Bí mo ṣe ń fa irin rẹ̀ sẹ́yìn kí n lè so òwú, ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó gbá àtàǹpàkò mi. Mi ò kígbe. Èékánná dúdú lójú mi, àtàǹpàkò wú bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán sórí pákó. Ẹ̀jẹ̀. Mo rántí àkísà pupa. Mo ní ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ọwọ́ ló kọ́kọ́ mú, kò mọ ibi tó máa dé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo jókòó sí iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi ọwọ́ wíwú náà pamọ́ sábẹ́ Bíbélì. Mo ka gbogbo Sáàmù tí mo mọ̀. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí ààlè fi mí sílẹ̀ títí di ọjọ́ Ajé péré, pé bí ọkọ̀ bá ti gun pákó, màá dá tàkúté padà lọ́jọ́ náà gan-an. Mi ò rántí irúgbìn nínú gbogbo àdúrà yẹn. Ẹ wò ó, mi ò rántí rẹ̀ rárá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi yẹn kan náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àṣìṣe mi. Tàkúté Gánà fúnra rẹ̀ ò gun pákó dé òkè. Ó fò síwájú, táyà yọ̀, orí ọkọ̀ gbé sókè, ó sì dojú dé. Mo gé rọ́bà tíúbù kẹ̀kẹ́, mo fi wé táyà kó má yọ̀ mọ́, mo sì wé díẹ̀ mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn kó lè nípọn. Irin agbòjò tí mo rò pé gígùn rẹ̀ ni agbára rẹ̀, mo ṣẹ́ ẹ kù sí ìdajì. Irin gígùn ń fa òwú lọ jìnnà, ṣùgbọ́n fífà rẹ̀ ò le. Kúkúrú ló ń fà á bí ẹni tó ń fa ewúrẹ́ alágídí. Mo tún gbé e sórí pákó. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń dún kín-ín kín-ín bí eku, ó dé òkè. Kàkà kí inú mi dùn, mo bojú wẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ Ajé, ọkọ̀ mẹ́ta péré ló dé orí pákó nínú gbogbo kíláàsì, tèmi sì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ hó. Tíṣà kọ orúkọ mi sílẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín músẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó béèrè ohun tó ṣe ọwọ́ mi, mo ní ilẹ̀kùn ló há mi lọ́wọ́. Ohun tí mo ti ń wá láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan nìyí, ó sì bọ́ sí mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́kàn mi ni pé kí agogo lù kí n sáré lọ dá tàkúté olóhun padà.

Mo sáré délé lóòótọ́. Mo tú tàkúté lára ọkọ̀, mo dúró níbi igun ilé ìdáná, mo ní "Jésù, Jésù" bíi lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mo sì lọ síbi àká. Mo ṣí ìdérí. Nǹkan fò jáde, ó gba ẹsẹ̀ mi kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Mo kígbe lọ́tẹ̀ yìí. Mo rò pé ààlè ni.

Eku ni. Tàkúté ọjà mi ti dojú bolẹ̀ nínú àká, irin rẹ̀ ti gbá, kò mú nǹkan kan. Abẹ́ rẹ̀, ìyàngbò ni. Mo ti ọwọ́ mi tó sàn bọ inú rẹ̀ dé ìgúnpá, mo ń wá ìsàlẹ̀. Ìyàngbò, pòròpórò ṣiri tí wọ́n ti jẹ tán, àti ìgbẹ́ eku. Ọjọ́ mẹ́rin. Bí mo bá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ Jímọ̀ péré, tàbí lọ́jọ́ Sátidé, ìdajì ì bá ṣẹ́ kù. Mo ti ń sá fún ohun tí wọ́n so kọ́ sórí igi, mi ò bẹ̀rù ohun tó ní eyín.

Mi ò kúrò níbẹ̀. Ibẹ̀ ni Ìyá Àgbà bá mi nígbà tí oòrùn ń wọ̀, pẹ̀lú igi ìdáná lórí wọn. Wọ́n sọ igi kalẹ̀, wọ́n yọjú wo inú àká, wọ́n bu ìyàngbò sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fẹ́ ẹ. Kò sí nǹkan kan tó kù ní àtẹ́lẹwọ́ wọn. Wọ́n jókòó lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ìyá Àgbà, èmi ni mo gbé tàkúté."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Òwú irun rẹ wà lára èyí tó o gbé síbẹ̀."

Mo na àtàǹpàkò sí wọn, mo ń sunkún, mo ní ààlè ti kúrò níbi tí wọ́n so ó sí, ó ti mú mi lọ́wọ́, kí wọ́n bá mi bẹ̀ ẹ́ kó má pa mí. Wọ́n gba ọwọ́ mi, wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà wọ́n tú etí ìró wọn. Wọ́n kó ṣùkù àgbàdo, ẹyọ ìgbálẹ̀ àti àkísà pupa jáde níbẹ̀, wọ́n tò wọ́n sílẹ̀ níwájú mi.

"Èmi ni mo tú u," ni wọ́n wí. "Ìdájí ọjọ́ tí mò ń lọ. Nígbà tí mo ti rí i pé ọwọ́ rẹ ti wọ ibẹ̀, ṣé kí n wá fi ààlè sílẹ̀ kó mú ọmọ mi ni?"

Wọ́n ní àwọn rò pé ohun tí mo fẹ́ fi tàkúté ṣe ò ní ju ọjọ́ kan lọ, pé èmi náà á mọ̀ pé irúgbìn wà ní ìhòòhò. Wọ́n ní àwọn sì ti ní kí n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn ò gbóhùn sókè. Ì bá dára kí wọ́n nà mí. Mo ní kí ni a máa wá gbìn báyìí. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn ìró wọn.

"Irúgbìn ṣe é tọrọ," ni wọ́n wí. "Ọmọ ò ṣe é tọrọ. Lọ bu omi gbígbóná wá, kí n fi jó ọwọ́ yẹn."

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún wọn títí wọ́n fi kú. Lọ́sẹ̀ kejì, mo mú tàkúté ọjà mi, èyí tí eku fi ṣeré, mo kàn án padà mọ́ ọkọ̀ pẹ̀lú rọ́bà lára táyà àti irin kúkúrú. Mo gbé e sórí pákó. Ó rọra gùn ún dé òkè. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wò ó.

Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí Ìyá Àgbà ti oko dé ni mò ń sọ. Wọn ò jẹ́ kí n lọ sí ilé ìwé ná. Wọ́n gbé igbá òfìfo lé mi lórí, wọ́n ṣíwájú, mo tẹ̀ lé wọn. Ilé obìnrin kan ní agbo ilé kejì la lọ, ọ̀kan nínú àwọn tó ti gba irúgbìn lọ́wọ́ wọn, tí Ìyá Àgbà sì gbẹ̀bí àkọ́bí rẹ̀. Obìnrin náà rí igbá, ó wo ojú Ìyá Àgbà, ó tún wo igbá. Ó rò pé wọ́n wá kí òun ni. Nígbà tó yé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé àgbẹ̀dọ̀, ṣé eku tún láyà dé inú àká ìyá ni, tàkúté Gánà wọn dà?

Ìyá Àgbà ní, "Ó lọ gun òkè nílé ìwé."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó rò pé àwàdà ni. Ó wọlé lọ bu ọkà, ó sì bù ú kún igbá dáadáa. Ìyá Àgbà fi orúnkún kan kanlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ni wọ́n gbẹ̀bí fún un. Obìnrin náà sáré fà wọ́n dìde. Mi ò gbójú sókè. Mo gbé igbá náà rù, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi dì í mú láti ẹnu ọ̀nà yẹn dé ilé wa, àtàǹpàkò ń ro mí gidigidi, mi ò sì jẹ́ kí ẹyọ kan já bọ́.